Tí wọ́n bá kó ìwé kúrò ní láíbìrì iléèwé yín, ohun tẹ́ ẹ máa ṣe rèé

Ẹ̀yin ọmọ wa tẹ́ ẹ wà ní high school ní Amẹ́ríkà níbí ni mò ń bá sọ̀rọ̀, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Texas lọ́dọ̀ wa, àmọ́ ẹ jẹ́ káwọn òbí yín náà kà á o, torí mo mọ̀ pé àwọn ni wọ́n máa kọ́kọ́ sọ pé kí ló kàn ẹ́ níbẹ̀, ṣé ìwé tí wọ́n fún ẹ ní kíláàsì lo ti kà tán. Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé lọ́dọ̀ wa, kíláàsì kọkànlá ló wà nígbà yẹn, ó dé láti iléèwé lọ́jọ́ kan ó ní ìwé tóun kà dé ìdajì, tóun dá padà torí pé ọjọ́ ti pé, òun padà lọ yá a, àyè ẹ̀ lórí ṣẹ́ẹ̀fù ti ṣófo, òun wá a lórí kọ̀ǹpútà láíbìrì, kò sí ńbẹ̀ mọ́, àfi bíi pé kò fìgbà kan wà rí. Ó bi ìyá tó ń tọ́jú láíbìrì, ìyẹn wọ̀tún wòsì, ó ní wọ́n ṣì ń yẹ̀ ẹ́ wò ni. Ta ló ń yẹ̀ ẹ́ wò? Kò mọ̀. Ta ló lọ fẹjọ́ sùn? Kò lè sọ. Ìgbà wo ni wọ́n máa parí? Ó ní jọ̀ọ́, ọmọ mi, máa lọ sí kíláàsì.

Mo ní kó gbàgbé ẹ̀ jàre, ká bá a ra tiẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó ní, "Aunty, èmi lówó ẹ̀, àwọn tí ò lówó ẹ̀ ńkọ́?" Ẹnu mi wọhò. Oṣù mẹ́jọ gbáko la fi sá sókè sá sódò lórí ọ̀rọ̀ yẹn, a ṣàṣìṣe púpọ̀, ìyẹn ni mo ṣe ń kọ èyí. Mi ò ní dárúkọ dísítíríìtì wa, ìyẹn àwọn iléèwé ìjọba tó wà lábẹ́ bọ́ọ̀dù kan náà, ọmọ ṣì wà níbẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó pariwo rárá

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìwé yẹn gan-an, torí ọ̀nà mẹ́ta ló ń gbà pòórá, ọ̀nà tẹ́ ẹ sì máa gbà bá wọn fà á yàtọ̀ síra. Ó lè jẹ́ pé ẹnì kan kọ fọ́ọ̀mù láti takò ó, wọ́n wá gbé e pamọ́ títí wọ́n máa fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ó lè jẹ́ pé bọ́ọ̀dù, ìyẹn ìgbìmọ̀ tí ará ìlú dìbò yàn láti máa darí àwọn iléèwé, ti jókòó, wọ́n ti dìbò, ó ti parí. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ló burú jù lójú tèmi, òun náà ló sì wọ́pọ̀ jù bẹ́ ẹ bá tú u wò dáadáa: kò sí fọ́ọ̀mù, kò sí ìbò, ẹnì kan nínú ọ́fíìsì kan kàn bẹ̀rù pé wàhálà ń bọ̀, ó ní kí wọ́n rọra yọ ọ́.

Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ti fura, ẹ lọ sórí kátálọ́ọ̀gì láíbìrì yín, ẹ ya fọ́tò ohun tẹ́ ẹ rí pẹ̀lú déètì. Ẹ wo ti àwọn iléèwé míì tó wà ní dísítíríìtì kan náà. Ó yà wá lẹ́nu, ìwé tí wọ́n yọ ní tiwa, ó wà ní iléèwé kejì tí kò ju máìlì mẹ́rin lọ, wọ́n ń yá a jáde ní tiwọn bí kò ṣe nǹkan kan. Fọ́tò yẹn ló padà wá ṣiṣẹ́ jù fún wa nínú gbogbo ohun tá a kó lọ síwájú wọn, torí wọn ò lè ṣàlàyé ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ẹ lọ ka òfin tí dísítíríìtì yín kọ fúnra wọn. Ó máa ń wà lórí wẹ́ẹ̀bù wọn, níbi tí wọ́n kó pólísì bọ́ọ̀dù sí. Ní Texas, ẹ wá èyí tí wọ́n fi lẹ́tà EF tàbí EFB dárúkọ ẹ̀. Ó sú èèyàn láti kà, mi ò ní purọ́, àmọ́ ibẹ̀ lẹ ti máa rí ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti takò ìwé, ọjọ́ mélòó ni wọ́n ní láti fi parí ẹ̀, àwọn wo ló ń jókòó sí kọmítì, àti báwọn èèyàn ṣe lè pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Àwọn bọ́ọ̀dù mélòó kan ń kọ òfin, wọn kì í kà á. Ọmọ tó bá kà á, kódà kó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ọwọ́ ẹ̀ ló máa wà.

Ẹ mọ òfin ìpínlẹ̀ yín náà o, torí wọn ò dọ́gba. Ní Florida, òfin tí wọ́n ṣe ní 2023 ní tí ẹnì kan bá ti takò ìwé pé ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ wà nínú ẹ̀, iléèwé gbọ́dọ̀ gbé e kúrò láàárín ọjọ́ iléèwé márùn-ún, kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò rárá. Ní Texas níbí, òfin tí wọ́n ń pè ní Senate Bill 13 ti 2025 náà ní kí wọ́n gbé ìwé tí wọ́n bá takò pamọ́ títí wọ́n máa fi pinnu, ó sì ní bọ́ọ̀dù fúnra ẹ̀ ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé tuntun tí láíbìrì fẹ́ rà, kí wọ́n kọ́kọ́ gbé orúkọ àwọn ìwé náà síta kí ará ìlú rí i. Àpá kejì yẹn, àwa náà lè lò ó. Nígbà tí wọ́n bá gbé orúkọ ìwé síta, ẹni tó takò ó nìkan kọ́ ló lè sọ̀rọ̀, ẹ̀yin náà lè kọ̀wé pé ẹ fẹ́ kí wọ́n rà á.

Tí wọn ò bá fún yín lésì, ẹ bèèrè fún ìwé ìjọba. Òfin Texas gba ẹnikẹ́ni láyè láti kọ lẹ́tà pé òun fẹ́ rí àkọsílẹ̀ ìjọba, iléèwé ìjọba sì wà lábẹ́ ẹ̀. Ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá ni wọ́n ní láti fún yín, tàbí kí wọ́n lọ bi attorney general, agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀, bóyá àwọn lè fi pamọ́. Ibí la ti kọ́kọ́ ṣe ṣìbáṣìbo. Ọmọ wa kọ ọ́ pé òun fẹ́ "gbogbo ímeèlì nípa ìwé," wọ́n fi bíìlì olówó gọbọi ránṣẹ́ padà pé owó àwọn tó máa jókòó wá a jáde nìyẹn. Ó tún un kọ: fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi takò ìwé, láti oṣù báyìí sí oṣù báyìí, ní iléèwé kan ṣoṣo yìí. Kọ́bọ̀ ò jáde lápò wa, bébà mọ́kànlá ló dé. Nínú mọ́kọ̀ọ̀kànlá, ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ló kọ mẹ́sàn-án, níbi tí fọ́ọ̀mù sì ti béèrè pé ṣé ẹ ka ìwé náà tán, rárá ló fi sí gbogbo ẹ̀.

Ẹ ka ìwé náà

Mo mọ̀ pé ẹ máa ní ṣé ó yẹ kéèyàn sọ ìyẹn ni. Ó yẹ. Àwọn tó ń takò ìwé ní àṣà kan, wọ́n á wá síbi máìkì, wọ́n á ṣí ojú ìwé kan ṣoṣo, wọ́n á ka gbólóhùn tó burú jù níbẹ̀ sókè ketekete, gbogbo gbọ̀ngàn á dákẹ́. Tẹ́ ẹ ò bá mọ ojú ìwé yẹn, ẹ ti jẹbi. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá mọ̀ ọ́n, ẹ lè dìde kẹ́ ẹ ní òótọ́ ni, mo ka ibẹ̀, ọ̀rọ̀ líle ni, ọmọbìnrin yẹn ló ń sọ ohun tí wọ́n fi ojú ẹ̀ rí, lójú ìwé méjìlá lẹ́yìn ẹ̀ ló ti rí ẹni sọ ọ́ fún. Ẹ má sẹ́ ohun tó wà nínú ìwé o. Bẹ́ ẹ bá ní kò sí ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí kankan níbẹ̀, tí wọ́n wá kà á síta, ó tán.

Tèmi rèé, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ bínú kó bínú: kì í ṣe gbogbo ìwé ló yẹ ọmọ ọdún mẹ́fà. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn yín sínú àríyànjiyàn yẹn, torí kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n gbé ìwé àgbà sí iléèwé jẹ́lé-ó-sinmi. Ṣẹ́ẹ̀fù àwọn ọmọ tó máa tó gba láísẹ́ńsì mọ́tò là ń sọ. Bí òbí kan ò bá sì fẹ́ kí ọmọ tiẹ̀ ka nǹkan, kó sọ fún láíbìrì, ẹ̀tọ́ ẹ̀ ni, kó má kàn bá ọmọ tèmi pinnu.

Ẹ má fi nọ́ńbà purọ́ pẹ̀lú. PEN America, ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé tó ń kà á, ní ìgbà tó lé ní 10,000 ni wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé ìwé ní iléèwé ìjọba lọ́dún ẹ̀kọ́ 2023 sí 2024, 6,870 ló sì jẹ́ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ìgbà ni o, kì í ṣe iye ìwé, torí ìwé kan náà tí dísítíríìtì mẹ́wàá bá yọ, ìgbà mẹ́wàá nìyẹn. Ẹnì kan nínú àwọn ọmọ wa lọ sọ pé ìwé 10,000 ni, ọkùnrin kan tó jókòó sẹ́yìn dá a lóhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ojú tì wá. Èyí tí mo fẹ́ràn jù kẹ́ ẹ lò ni ti ẹgbẹ́ àwọn tó ń tọ́jú láíbìrì, ALA: nínú àwọn tó ní kí wọ́n yọ ìwé lọ́dún 2024, ìdá 16 nínú 100 péré ni òbí, ìdá 72 ló wá látọ̀dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ tó ń fúngun mọ́ láíbìrì àti àwọn olóṣèlú pẹ̀lú iléeṣẹ́ ìjọba. Nígbà tí wọ́n bá ti ní "àwọn òbí ló ń ráhùn," ẹ gbé e kalẹ̀.

Ẹjọ́ tẹ́ ẹ máa gbọ́ orúkọ ẹ̀

Ẹ máa gbọ́ Pico. Ní Island Trees, ní Long Island, New York, àwọn ọmọ bọ́ọ̀dù kan lọ sí ìpàdé kan ní 1975, wọ́n gba lísítì ìwé tí wọ́n ní kò dáa, wọ́n darí dé, lálẹ́ ọjọ́ kan wọ́n ní kí ẹni tó ń tọ́jú ilé iléèwé ṣílẹ̀kùn fún àwọn, wọ́n lọ ń tú kátálọ́ọ̀gì láíbìrì, wọ́n rí mẹ́sàn-án. Wọ́n gbé kọmítì kalẹ̀, kọmítì ní kí wọ́n dá márùn-ún nínú àwọn ìwé náà sí, wọn ò gbọ́. Steven Pico, ọmọ ọdún 17, òun àti àwọn ọmọ míì pe bọ́ọ̀dù lẹ́jọ́ ní 1977. Supreme Court dá a láre ní 1982, márùn-ún sí mẹ́rin, mẹ́rin nínú àwọn márùn-ún yẹn sì sọ pé bọ́ọ̀dù ò lè yọ ìwé kúrò ní láíbìrì kìkì nítorí pé wọn ò fẹ́ èrò inú ẹ̀. Àwọn ìwé náà padà sórí ṣẹ́ẹ̀fù, nígbà tí ọmọ ti kúrò ní sẹ́kọ́ndìrì tipẹ́tipẹ́.

Ó dùn létí, àbí? Ẹ má tíì yọ̀. Àwọn adájọ́ yẹn ò fẹnu kò lórí ìdí kan ṣoṣo, torí náà àríyànjiyàn ṣì ń lọ lórí ẹ̀ dòní. Fún àwa tá a wà ní Texas, Louisiana àti Mississippi, kóòtù Fifth Circuit, kóòtù kòtẹ́milọ́rùn ìjọba àpapọ̀ tó wà fún wa, ti sọ ní oṣù Karùn-ún 2025, lórí ọ̀rọ̀ láíbìrì Llano County, mẹ́wàá sí méje, pé ìwé tí láíbìrì ìjọba bá yọ, ẹni tó fẹ́ kà á ò lè torí ẹ̀ pe ẹjọ́. Supreme Court kọ̀ láti gbọ́ ọ. Nítorí náà ẹ yé dúró síwájú bọ́ọ̀dù kẹ́ ẹ máa ní "a máa gbé yín lọ sí kóòtù," lọ́yà wọn ti sọ fún wọn pé kò sí nǹkan tẹ́ ẹ lè ṣe. Ìbò ló gbé àwọn èèyàn yìí débẹ̀, ojú àwọn tó máa dìbò ni wọ́n ń bẹ̀rù, ibẹ̀ lẹ máa ti mú wọn.

Ẹjọ́ tó ṣì dúró gbọn-in fún yín ni ti Tinker, Des Moines, Iowa. Mary Beth Tinker, ọmọ ọdún 13, àti ẹ̀gbọ́n ẹ̀ so aṣọ dúdú mọ́ apá lọ sí iléèwé ní 1965 torí ogun Vietnam, wọ́n lé wọn sílé, Supreme Court ní 1969 sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ kì í bọ́ ẹ̀tọ́ ẹ̀ láti sọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu géètì iléèwé, àfi tí ohun tó ṣe bá da ẹ̀kọ́ rú gidi. Ìtumọ̀ ẹ̀ fún yín: tíṣáàtì, báájì, ríbọ́ọ̀nù, ìwé tẹ́ ẹ dì mọ́wọ́ lọ́nà kíláàsì, ẹ máa wọ̀ ọ́, ẹ máa gbé e. Ìtumọ̀ ẹ̀ kọ́ ni pé kẹ́ ẹ jáde ní kíláàsì láago mẹ́wàá. Ìyẹn, wọ́n lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ ò wá iléèwé, kò sí kóòtù tó máa gbà yín.

Ojú lọ̀rọ̀ wà

Ẹ wo àwọn ọmọ Central York, ní Pennsylvania. Bọ́ọ̀dù wọn fòfin de lísítì ìwé àti fíìmù gígùn kan ní 2020, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé àwọn aláwọ̀ dúdú àtàwọn ẹ̀yà míì tí kì í ṣe òyìnbó ló kọ gbogbo ẹ̀ tàbí tó dá lé lórí, kódà ìwé ọmọdé nípa Rosa Parks wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ ibẹ̀ ò sá ní kíláàsì. Ní September 2021 wọ́n ń dé láàárọ̀ kí aago iléèwé tó dún, wọ́n wọ aṣọ dúdú, wọ́n gbé páálí dúró níta, wọ́n wọlé nígbà tí aago dún, wọ́n kàwé wọn. Lójoojúmọ́. Kò pé oṣù kan, bọ́ọ̀dù yí ìpinnu náà padà lọ́jọ́ 20 oṣù yẹn. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé wọ́n da ẹ̀kọ́ rú, fọ́tò wọn sì jáde dáadáa lójú ìmọ́lẹ̀ àárọ̀, àwọn oníròyìn fẹ́ràn ìyẹn.

Ní Katy níbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ Houston, tí àwa ọmọ Nàìjíríà pọ̀ sí bí nǹkan míì, Cameron Samuels dìde sọ̀rọ̀ níwájú bọ́ọ̀dù ní ìparí 2021, akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo láàárín àwọn àgbàlagbà. Lẹ́yìn ìyẹn ló wá kó àwọn ọ̀rẹ́ jọ, wọ́n ń pín àwọn ìwé tí wọ́n fẹ́ yọ fún àwọn ọmọ iléèwé lọ́fẹ̀ẹ́, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìwé. Èèyàn kan sọ̀rọ̀, wọ́n á ní ó ṣeun, wọ́n á pe ẹni tó kàn. Àga ogójì tó kún fún ọmọ tó di ìwé kan náà mọ́wọ́ tí wọn ò sọ nǹkan kan, ìyẹn yàtọ̀.

Ẹ dá ẹgbẹ́ ìkàwé sílẹ̀ ní iléèwé. Tí iléèwé yín bá ti gba ẹgbẹ́ kan tí kò jẹ mọ́ iṣẹ́ kíláàsì láyè, bóyá ti chess ni, bóyá ti Bíbélì, òfin Equal Access ti 1984 ní wọn ò lè kọ tiyín torí ohun tẹ́ ẹ fẹ́ máa sọ níbẹ̀. Ẹ wá tíṣà kan tó máa jókòó tì yín. Àmọ́ ẹ gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ nípa tíṣà àti ẹni tó ń tọ́jú láíbìrì: ẹ má dárúkọ wọn síbi máìkì, ẹ má ká ohùn wọn sílẹ̀, ẹ má sọ pé àwọn ni wọ́n ta yín lólobó. Oúnjẹ òòjọ́ wọn ni. Ìyá tí mo sọ̀rọ̀ ẹ̀ lókè yẹn, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ọmọ wa ní kọ́rídọ̀ ni, ìyẹn náà tó.

Àti group chat. Háà. Ọmọkùnrin kan nínú àwọn tiwa gbé fọ́tò ọmọ bọ́ọ̀dù kan, ó fi ìwo màlúù sí i lórí, ó jù ú sínú group. Ọjọ́ kẹta ni ọkùnrin náà gbé e sókè nínú mítìn lórí fóònù ẹ̀, ó ní ẹ wo àwọn ọmọ tí wọ́n ní àwọn fẹ́ kàwé. Ọ̀sẹ̀ méjì la fi bẹ̀bẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ ò bá fẹ́ kí wọ́n kà níwájú pásítọ̀ yín, ẹ má kọ ọ́ síbẹ̀.

Ìṣẹ́jú méjì níbi máìkì

Àkọ́kọ́, orúkọ yín gbọ́dọ̀ wà lórí lísítì. Tiwa, aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ mítìn ni fọ́ọ̀mù ń tì, ẹ wo tiyín. Òfin Texas ní wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ará ìlú sọ̀rọ̀ lórí ohun tó bá wà lórí àjẹ́ńdà, kí bọ́ọ̀dù tó jíròrò lé e tàbí nígbà tí wọ́n bá ń jíròrò. Òfin yẹn náà ní wọn ò lè dí yín lẹ́nu torí pé ẹ ń bá bọ́ọ̀dù wí. Alága tó bá ń sọ pé "ẹ má dárí ọ̀rọ̀ sí wa," ẹ rọra máa bá tiyín lọ.

Ìgbà àkọ́kọ́ tọ́mọ wa lọ, bébà márùn-ún ló kọ, ó bẹ̀rẹ̀ látorí Gutenberg. Mo wò ó, mo ní ó dáa, èmi náà ò mọ̀. Aago dún nígbà tó ṣì wà ní Jámánì. Wọ́n pa máìkì, kò tíì dárúkọ ìwé. Ó sunkún nínú mọ́tò délé.

Nígbà kejì, bó ṣe ṣe é nìyí. Gbólóhùn àkọ́kọ́: orúkọ mi, kíláàsì mi, mo fẹ́ kẹ́ ẹ dá ìwé báyìí padà sí láíbìrì báyìí. Ohun tó ń fẹ́ ti délẹ̀ kí ìṣẹ́jú kan tó pé, tí iná bá kú wọ́n ti gbọ́. Lẹ́yìn ẹ̀ ló sọ èyí tí wọ́n rú nínú pólísì tiwọn fúnra wọn, ìlà báyìí, ojú ewé báyìí, ọjọ́ tó yẹ kí kọmítì ti parí àti iye ọjọ́ tó ti kọjá. Ó wá sọ nǹkan kan ṣoṣo nípa ìwé náà tó jẹ́ tiẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ 250 lédè Gẹ̀ẹ́sì ni ìṣẹ́jú méjì gbà, ẹ fi aago fóònù kà á nílé lẹ́ẹ̀mẹwàá, ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde ní lẹ́tà ńlá torí ọwọ́ yín máa gbọ̀n. Tẹ́ ẹ bá pọ̀, ẹ pín in, kí ẹnì kan mú ti pólísì, kí ẹnì kan mú ti ìwé, ẹ má jọ sọ ohun kan náà lẹ́ẹ̀méje.

Èyí tó kù yìí, àwọn ọmọ tiwa nìkan ló máa wúlò fún tó bẹ́ẹ̀. Òfin Texas kan náà ní ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ láti ẹnu ògbufọ̀ gbọ́dọ̀ gba ó kéré tán ìlọ́po méjì àkókò, àfi tí wọ́n bá ní ẹ̀rọ tó ń túmọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mama wa, ẹni ọdún 74, ń gbé lọ́dọ̀ wa, ó ní àwọn ò lè máa fi ọmọ òun ṣe yẹ̀yẹ́, òun ń bọ̀. Ó wé gèlè, ó dúró síbi máìkì, ọmọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Alága ní ìṣẹ́jú méjì. Ọmọ fi bébà òfin náà lé akọ̀wé lọ́wọ́, lọ́yà wọn wò ó, ó sọ nǹkan sí alága létí, aago yí padà sí mẹ́rin.

Mama ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Nígbà témi wà ní iléèwé ní Ìjẹ̀bú, ìwé kan làwa ọmọ mẹ́fà ń kà, a máa jókòó yí i ká bí ẹni tó ń jẹun nínú àwo kan, ẹni tó wà lódìkejì, ó ti mọ̀wé kà láti ìdí. Láíbìrì tẹ́ ẹ kọ́ síbí yìí, ó tóbi ju ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ. Ẹ wá ń kó ìwé jáde níbẹ̀. Mo kàn fẹ́ bèèrè ni, ta ló ti ka ìwé yẹn tán nínú yín, kó nawọ́ ká rí i." Ọmọ túmọ̀ ẹ̀. Bọ́ọ̀dù kì í dáhùn ìbéèrè, òfin wọn nìyẹn, àmọ́ Mama ò mọ̀, ó dúró ń dúró de ọwọ́. Gbogbo èèyàn ń wò wọ́n. Obìnrin tó wà lópin tábìlì bẹ̀rẹ̀ sí í to bébà iwájú ẹ̀. Ó tó ìṣẹ́jú kan kó tó ní ó dáa, ẹ ṣeun, ó jókòó, ó ní kí wọ́n fún òun ní omi.

Ẹ má wá lọ fi èké ṣe é o. Ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ketekete kó má lọ díbọ́n, wọ́n á mọ̀, á sì bà á jẹ́ fáwọn Mama tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ẹ̀yin òbí, ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú

Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn yín. Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ ìlú Amẹ́ríkà, sísọ̀rọ̀ nínú mítìn bọ́ọ̀dù ò lè ṣe é ní nǹkan kan. Ẹni tí ìwé ẹ̀ ò tíì dúró, bóyá ẹjọ́ ẹ̀ wà nílẹ̀, bóyá físà ni, lákòókò tá a wà yìí mi ò ní gbà á níyànjú kó dúró sójú kámẹ́rà láì kọ́kọ́ bi lọ́yà ìmígíréṣọ̀n ẹ̀. Kì í ṣe ojo. Iṣẹ́ pọ̀ tí ò ní kámẹ́rà nínú: ẹ tẹ bébà, ẹ wa àwọn ọmọ lọ ẹ wà wọ́n bọ̀, ẹ dín puff-puff. Mítìn tiwa máa ń wọ aago mọ́kànlá alẹ́, ebi máa ń pa àwọn ọmọ, ẹ̀rọ amúlétutù gbọ̀ngàn yẹn sì máa ń tutù bí fíríìjì, ẹ jẹ́ kí wọ́n mú súwẹ́tà.

Lẹ́yìn ìbò

Kọmítì dá ìwé tiwa padà, fún kíláàsì kọkànlá àti ìkejìlá nìkan. Márùn-ún míì tó wà lórí àwọn fọ́ọ̀mù yẹn ò tíì padà títí di òní. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn, ẹ bèèrè ìdí ẹ̀ lákọsílẹ̀, ẹ ka ọjọ́ tí pólísì fún yín láti pe kòtẹ́milọ́rùn, ẹ má jẹ́ kó kọjá.

Kẹ́ ẹ tó rí i gbà padà, ẹ má torí ẹ̀ pa ìwé tì. Láíbìrì Brooklyn ní New York ní ètò kan tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2022, Books Unbanned, ọmọ ọdún 13 sí 21 níbikíbi ní Amẹ́ríkà lè gba káàdì ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ kó máa yá ìwé lórí fóònù. Ẹ wo orí wẹ́ẹ̀bù wọn bẹ́ ẹ ṣe máa bèèrè.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní kíláàsì kejìlá, ẹ lọ wo ọjọ́ tí wọ́n máa dìbò yan bọ́ọ̀dù yín, oṣù Karùn-ún tàbí oṣù Kọkànlá ló sábà máa ń jẹ́ ní Texas. Èèyàn díẹ̀ ló ń lọ síbi ìbò yẹn, nígbà míì gbogbo kíláàsì kejìlá iléèwé kan ti tó láti yí i padà. Tẹ́ ẹ bá ti pé ọdún 17 àti oṣù mẹ́wàá, ẹ lè forúkọ sílẹ̀, ọjọ́ 30 kí ìbò tó dé ló ń parí. Òfin sì ní kí pirínsípà máa fún àwọn ọmọ tó ti pé ọdún 18 tàbí tó máa pé e lọ́dún náà ní fọ́ọ̀mù ẹ̀ ó kéré tán lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ẹ bèèrè lọ́wọ́ ẹ̀ tí wọn ò bá fún yín.

Ọmọ ìlú nìkan o. Tó bá jẹ́ green card lo ní, tàbí físà, tí wọ́n bá ń pín fọ́ọ̀mù yẹn ní kíláàsì tí gbogbo èèyàn ń kọ ọ́, má kọ ọ́, dá a padà sórí tábìlì. Ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni lójú òfin, ó sì lè ba ìwé ìgbélùú èèyàn jẹ́ pátápátá, kódà tó bá jẹ́ tíṣà ló gbé e lé ẹ lọ́wọ́.